Ìró Ọmọ Odó Kẹta

Obìnrin tó jẹ́ iṣẹ́ ìyá mi fún mi gbé agbọ̀n tòmátì rẹ̀ kalẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni, ó wá tajà ní Ìkọ̀lé. Ó ní, "Yèyé ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ti dojú odó dé. Wọ́n ní láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì gúnyán nínú ulé. Wọ́n ní ìwọ lo máa wá ṣí i."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Ó dúró kó gbọ́ ohun tí mo máa sọ tẹ̀ lé e. Ó wojú mi, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Iṣu tuntun ò ní pẹ́ jáde o," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilé oúnjẹ kan ní Ìkọ̀lé ni mo wà nígbà náà, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbà. Láti ibẹ̀ dé ilé wa kò jìnnà. Ọ̀kadà ò ní pẹ́ gbé èèyàn débẹ̀, ẹsẹ̀ sì ni àwọn àgbà wa fi ń rìn ín nígbà tiwọn. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan láì délé. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rìn dé ibi tí ilé ti tán, tí igbó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì dúró. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ, wọn ò lọ. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi. Nígbà tí oòrùn mú jù, mo yí padà, mo ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Mo fẹ́ sọ bí iyán ṣe rí nílé wa, kí ọ̀rọ̀ odó tí a dojú rẹ̀ dé lè yé ẹni tó bá ń kà á. Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé lẹ́yìn tí bàbá mi kú: ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi obìnrin. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń gún inú odó kan ṣoṣo pọ̀. Ìyá mi á kọ́kọ́ sọ ọmọ odó tirẹ̀ kalẹ̀, èmi á tẹ̀ lé e, àbúrò mi á ṣe ìkẹta. Gbì, gbì, gbì. A kì í kà á. Ẹni tó bá ń kà á ló máa ń ṣì í. Tí iyán bá ti ń fà, ìyá mi á gbé ọmọ odó tirẹ̀ ti ògiri, á fi omi ra ọwọ́, á sì máa ti ọwọ́ náà bọ inú odó láti yí iyán, ní àyè tirẹ̀ gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ á jáde, tèmi á bọ́ sílẹ̀, ti àbúrò mi á tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ á tún wọlé. Kì í wo òkè. Kò bẹ̀rù wa rí.

Ti àbúrò mi yàtọ̀. Tí ó bá ti sọ ọmọ odó kalẹ̀ tán, á yí i díẹ̀ kó tó gbé e, iyán á sì ṣe ṣíọ̀ bí ẹni tó ń pòṣé. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ni ẹnu mi. Èmi ni ẹni tí ojú ń tì. Mo kà dé kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì kí n tó fi í sílẹ̀, nítorí pé tí olùkọ́ bá ní kí n dìde kàwé, ohùn mi á lọ. Tí wọ́n bá rán èmi àti àbúrò mi níṣẹ́, èmi ni màá gbé ẹrù, òun ni á sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin la ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé. Òjò ti rọ̀. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí lórí ọ̀kadà nígbà gbogbo, nítorí mi ò fẹ́ràn kí n fara ti ọkùnrin tí mi ò mọ̀. Àbúrò mi ló máa ń wà láàárín, tí á máa bá ọlọ́kadà jiyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, síkẹ́ẹ̀tì funfun ni mo wọ̀. Tuntun ni. Táyà ẹ̀yìn sì máa ń ta ẹrẹ̀ sí ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn lára.

Mo ní, "Ìwọ jókòó sẹ́yìn lónìí."

Ó wo síkẹ́ẹ̀tì mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó tuntun. Ẹrẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ẹ̀yin." Ó gun ẹ̀yìn.

Ọkọ̀ tó kó gẹdú yọ sí wa ní kọ́nà kan. Ọlọ́kadà yà fún un, táyà sì yọ̀. Ìró mẹ́ta ni mo gbọ́: ti ọ̀kadà, tèmi, tirẹ̀. Wọ́n tẹ̀ léra wọn gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ń gúnyán. Lẹ́yìn ìkẹta, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ní ilé ìwòsàn ní Ìkọ̀lé, wọ́n kó aṣọ mi fún mi nínú ọ̀rá. Síkẹ́ẹ̀tì náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹrẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí n mọ̀ títí ó fi di ọjọ́ kẹta. Wọ́n ti sin àbúrò mi. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í gbé irú rẹ̀ dúró. Ìyá mi kò lọ síbi ibojì, nítorí òbí kì í lọ rí i. Ó wá wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó, ó ń tún ìṣẹ́tí aṣọ tí mo fi bora ṣe, kò sì wo ojú mi. Èmi náà ò wo tirẹ̀. Mo rò ó pé ó mọ ẹni tó ní kó jókòó sẹ́yìn. Mo tún rò ó pé kò mọ̀, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó túmọ̀ sí pé èmi ni màá sọ fún un. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì yẹn, kò wá mọ́.

Nígbà tí dókítà ní kí n máa lọ sílé, wọ́n gbé ọ̀kadà wá síwájú ilé ìwòsàn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn. Wọ́n gbé mọ́tò wá, mo jókòó síbẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn aláìsàn dúró tì wá. Ó sanra, ará Ọ̀sì-Èkìtì ni, gbogbo èèyàn ń pè é ní Màmá Oníyán. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi ná. Ilé ò ní sá lọ."

Bí mo ṣe dé ilé oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ń ṣe ni kí n bẹ iṣu, kí n fọ abọ́. Abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ni odó wà. Màmá àti obìnrin gíga kan láti Ìrè ló máa ń gún un. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, màá gbé iṣu àti ọ̀bẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé kejì. Ohun tó fà á ni pé àwọn méjì ló ń gún, mẹ́ta ni mo sì ń gbọ́. Gbì, gbì, lẹ́yìn náà ìkẹta, pẹ̀lú ṣíọ̀ kékeré tó wà ní ìparí rẹ̀. Mo máa ń ka àwọn tó wà nídìí odó. Méjì ni wọ́n.

Tí ọ̀kadà bá kọjá lójú ọ̀nà, tó bá tẹ búrééki lórí òkúta wẹ́wẹ́, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi á bọ́. Mo fọ́ abọ́ púpọ̀. Obìnrin Ìrè yẹn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kúkú máa bu iyán sínú ewé. Abọ́ ò ní ṣẹ́ kù nínú ilé yìí." Ó sọ ọ́ lójú mi, ó sì fún mi ní ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Gbogbo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ mi ló máa ń sọ pé kí n gbàgbé. Pásítọ̀ kan sọ bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí obìnrin tó jẹ́ iṣẹ́ ìyá mi lọ tán, Màmá Oníyán bá mi lẹ́yìn ilé. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ odó.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ lọ ṣí i?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o lè gbé ọmọ odó?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ó dáa. Ẹsẹ̀ ẹ ni kó kọ́kọ́ gúnyán. Dìde."

Ó mú mi lọ sídìí odó. Kò gbé nǹkan lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ òun, kí n máa fẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì tẹ ilẹ̀ bí òun bá ṣe ń gún. "Má wo inú odó. Má wo ojú mi. Fetí sí i. Tó o bá ṣì í, dúró, jẹ́ kó yí ẹ ká, kó o tún wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ."

Mo ṣì í. Mo tún ṣì í. Obìnrin Ìrè ní, "Ó ń jó bí ewúrẹ́ tó tẹ iná." Màmá ń gún, ó ń mí sókè mí sílẹ̀, ó sì ní kí èmi náà máa mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, mi ò tíì mọ̀ pé mo dúró lórí nǹkan.

Bí mo ṣe rò pé ó ti dára, Màmá ní, "Ó tó. Lọ fọ abọ́."

Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe díẹ̀ sí i.

"Rárá. Kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tó ṣì dùn. Má dúró títí ẹ̀rù á fi wá lé ẹ."

Bí ó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ọwọ́: mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan. Lẹ́yìn náà, ọmọ odó, ṣùgbọ́n nínú odó kékeré tí wọ́n fi ń gún ata. Ó máa ń bi mí pé kí ni mo gbọ́. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún un. Mo ní ìkẹta kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn.

Obìnrin Ìrè gbé ọmọ odó dúró. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Màmá ní, "Ṣé ó ń bà ẹ́ lẹ́rù, àbí ó ń dùn ẹ́?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Kò burú. Jẹ́ kó máa gún tirẹ̀. Ìwọ ṣáà gún tìrẹ."

"Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ?"

"Èmi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ín." Ó kọjú sí obìnrin Ìrè. "Ìwọ, kí lò ń wò lẹ́yìn? Iṣu ń tutù."

Olùkọ́ yunifásítì kan wà tó máa ń wá jẹun, obìnrin ni, ó ti ìlú òkèèrè wá, Yorùbá rẹ̀ kì í já gaara. Ó ti ń wò wá láti ojú fèrèsé fún ọjọ́ mélòó kan. Ó bi Màmá pé níbo ló ti kọ́ ohun tó ń ṣe fún mi, nítorí pé àwọn ń kọ́ nípa irú rẹ̀ nílé ìwé, bí ìlù àti ẹsẹ̀ ṣe ń tu ọkàn tó ti já lára. Màmá ní, "Iṣu ló kọ́ mi." Nígbà tí olùkọ́ náà lọ tán, Màmá rọra sọ fún wa pé, "Ẹran ló fẹ́ kí n fi kún un." A rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu pé mo rẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ.

Nígbà tí iṣu tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́jà, wọ́n mú mi wọ odó ńlá. Obìnrin Ìrè ni ẹni àkọ́kọ́, èmi ni ẹnì kejì. Màmá á máa fọwọ́ yí iyán lẹ́yìn tèmi. Àyè kẹta ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wọlé, àyè tí mo ti ń gbọ́ àbúrò mi. Ó le fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ń rí ọwọ́ Màmá, mo sì ń gbọ́ ọmọ odó tó ń bọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ń jáde láìfarapa, mo sì ń gún tèmi. Ó di ọjọ́ kejì, ó di ọjọ́ karùn-ún.

Ọjọ́ ọjà kan, ilé oúnjẹ kún. A ń gún odó kejì tàbí ìkẹta lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí. Ọ̀kadà kan yọ̀ lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó farapa, mo gbọ́ tí ọlọ́kadà ń ṣépè fún ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ odó mi ti dúró lókè. Àyè mi kọjá. Nígbà tí apá mi tún sọ̀ kalẹ̀, àyè kẹta ló bọ́ sí.

Màmá ò pariwo. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó dì í mọ́ àyà, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n," bí ẹni tó rántí nǹkan.

Mo sá. Mo wọ yàrá tí a ń kó iṣu sí, mo di aṣọ mi sínú ọ̀rá. Mi ò mọ ibi tí mo ń lọ, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo tó yẹ kí n gbà ni mi ò lè gbà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Màmá wọlé. Ó ki ọwọ́ bọ abọ́ omi tútù, ó wá jókòó sórí àpò gaàrí. Èékánná ìka àárín rẹ̀ ti ń dúdú.

Ó ní, "Ta ló ní kó o dẹrù?"

"Mo pa yín lára, mà."

"Ìka ni. Mo ní mẹ́sàn-án sí i."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún. Kò ní kí n dákẹ́, kò sì fọwọ́ kàn mí. Ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, bó ṣe kọ́ mi. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ tèmi náà fi ń bá a lọ, mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo sì sọ ọ́ jáde. Mo ní èmi ni mo ní kó jókòó sẹ́yìn. Mo ní nítorí ẹrẹ̀ ni. Mo ní síkẹ́ẹ̀tì náà wà nínú ọ̀rá yìí, mi ò tíì fọ̀ ọ́, mi ò sì lè jù ú nù.

Mo rò pé á sọ ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sọ ọ́.

Ó ní, "Ṣé yèyé ẹ mọ̀?"

"Mi ò tíì sọ fún wọn."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ó wò ó, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ọ̀la, ọwọ́ òsì ni màá fi yí i. Kọ́ ara ẹ láti dúró tó o bá ṣì í. Tí àyè ẹ bá ti kọjá, ó ti kọjá, má fi ti ẹlòmíì dí i. Dúró kó tún yí kàn ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi àkísà wé ìka rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ òsì bọ odó. Obìnrin Ìrè ní, "Màmá, tí wọ́n bá gún èyí náà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi yí i lọ́la?" Màmá ní, "Ẹnu ẹ ni màá fi yí i." Nígbà tí ọ̀kadà kọjá, mo gbé ọmọ odó mi dúró. Àyè mi kọjá. Mo jẹ́ kó kọjá. Mo gbọ́ ìkẹta, ọwọ́ Màmá wọlé, ó jáde, ti obìnrin Ìrè bọ́ sílẹ̀, mo sì wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀kadà. Bàbá arúgbó kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ wa ló ni ín. Wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, wọn ò tan án. Mo jókòó lórí rẹ̀, Màmá dúró lẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ tí kò farapa lu àga rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń gúnyán. Bàbá náà ní, "Tí wọ́n bá ti jẹun lórí ọ̀kadà mi tán, kí wọ́n pè mí." Ọjọ́ kejì, ó tan án. Ọjọ́ kẹta, mo sọ̀ kalẹ̀ kó tó tan án, mo bì. Màmá ní, "Ó tó. Ó di ọ̀la." Ó pẹ́ ká tó yí igi máńgòrò po, ó pẹ́ ká tó dé ojú ọ̀nà.

Ọjọ́ tí mo lọ sílé, òjò rọ̀ mọ́jú. Màmá ní ká sún un síwájú tí mo bá fẹ́. Mo ní mi ò fẹ́. Obìnrin Ìrè ló máa bá mi lọ, nítorí ẹnì kan ò lè dá gún odó yẹn. Bàbá arúgbó gbé ọ̀kadà wá. Obìnrin Ìrè ń lọ gun ẹ̀yìn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ̀yin ẹ wà láàárín."

"Ẹrẹ̀ á ta sí ẹ lára."

"Mo mọ̀."

Ó wò mí, kò ṣàwàdà kankan. Ó gun àárín, èmi gun ẹ̀yìn. Síkẹ́ẹ̀tì funfun yẹn ni mo wọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ ní àná rẹ̀.

Nígbà tí ilé tán, mo gbé ọwọ́ lé èjìká obìnrin Ìrè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lù ú. Gbì, gbì, mo fi àyè ìkẹta sílẹ̀. Òun náà ń fi ẹsẹ̀ ta á. Ẹrẹ̀ tútù ń ta sí ẹ̀yìn mi, ó ń wọ ara aṣọ. Mo gbọ́ ọ létí mi, kedere: ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó tuntun. Mi ò wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn mi ò ní nǹkan kan ju ọ̀nà lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ara mi ń gbóná níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fara tì ọ́.

A dé kọ́nà yẹn. Bàbá arúgbó rọra ń lọ. Mo ti rò pé àmì kan á wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti gbin ẹ̀gẹ́ dé etí títì. Ewé rẹ̀ ń kán omi òjò sílẹ̀. A kọjá.

Ìyá mi jókòó ní iwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti rù. Ó dìde, ó tún jókòó. Mo kúnlẹ̀. Ó kí obìnrin Ìrè, ó béèrè Màmá, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ọlọ́kadà. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ dé ara aṣọ mi.

"Ẹrẹ̀ ti ba síkẹ́ẹ̀tì ẹ jẹ́."

"Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, Yèyé."

Ó ń yí ẹ̀wà kan láàárín ìka méjì. Ó ní, "Iṣu wà lórí iná."

Odó wà ní ìdí ògiri, ojú rẹ̀ délẹ̀ bó ṣe wí. Koríko ti hù yí etí rẹ̀ ká. Èmi àti obìnrin Ìrè la jọ ṣí i. Aláǹtakùn kan jáde níbẹ̀, ìyá mi sì da omi gbígbóná sínú odó, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ odó mẹ́ta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé méjì jáde.

A tẹ iṣu, a bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Obìnrin Ìrè, èmi, àyè. Obìnrin Ìrè, èmi, àyè. Mo ń gbọ́ ọ. Mo wo ìyá mi, mo sì rí i pé orí rẹ̀ ń mì díẹ̀ ní àyè kẹta yẹn. Nígbà tí iyán bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó fi omi ra ọwọ́, ó súnmọ́ odó. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá sọ ọ́ kí ọwọ́ yẹn tó wọlé, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Kò yẹ kó gbé ọwọ́ sábẹ́ ọmọ odó ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe.

Mo ní, láìdúró, nítorí tí mo bá dúró ohùn mi á lọ, "Yèyé, èmi ni mo ní kó jókòó sẹ́yìn. Nítorí síkẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin Ìrè ń gún. Èmi náà ń gún.

Ìyá mi ní, "Mo mọ̀. Ọlọ́kadà sọ fún mi lọ́jọ́ tó wá bẹ̀ mí." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ìwọ ni mò ń dúró dè. Mo rò pé tí n bá kọ́kọ́ sọ ọ́, o ò ní wálé mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe àyè tirẹ̀ àtijọ́ ló gbà, èyí tó máa ń ṣíwájú tèmi. Ẹ̀yìn tèmi ló wọlé, àyè àbúrò mi. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, ọwọ́ yẹn ni màá bá níbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo inú odó, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọ odó. Kò wo òkè.

Lójú ọ̀nà, ọ̀kadà kan kọjá, ó sì tẹ búrééki. Apá mi dúró. Àyè mi kọjá. Mo jẹ́ kó kọjá. Mo gbọ́ ìkẹta, pẹ̀lú ṣíọ̀ kékeré yẹn, mo sì rí ọwọ́ ìyá mi tó yí iyán tó sì jáde. Ti obìnrin Ìrè bọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ó kàn ẹ́."

Mo gún un.